Ọ̀kan Nínú Mẹ́rin

Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni mo mú wá, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí bẹ́ẹ̀ pa rédíò rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kan ìgbéyàwó, ó kan ọmọ bíbí, ó sì kan owó tí à ń ná sí ilé ìwòsàn.

Gbólóhùn kan wà tí àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà máa ń sọ fún tọkọtaya tí àwọn méjèèjì jẹ́ AS. Wọn a ní, "Ọmọ tí ẹ bá bí, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ó lè jẹ́ SS." Gbólóhùn náà kúrú, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń wọ etí àwọn ènìyàn yàtọ̀ síra. Ẹnì kan gbọ́ ọ, ó ní, "Ó dára, ọmọ mẹ́rin ni a ó bí, ọ̀kan á jẹ́ SS, mẹ́ta á bọ́." Ẹlòmíràn tí àkọ́bí rẹ̀ jẹ́ SS a ní, "A ti san gbèsè tiwa, kò sí ewu fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn." Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ ti bí mẹ́ta tí ara wọn le koko, ó wá ń bẹ̀rù ìkẹrin bí ẹni pé dandan ni kí ti ìkẹrin bàjẹ́. Èrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kò tọ̀nà, àwọn tí ó sì ń rò wọ́n kì í ṣe òpè. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ó kàwé dáadáa.

N kò fẹ́ kí ẹ gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán. Ọ̀nà kan wà tí ẹnikẹ́ni lè gbà fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ọ̀nà náà ni pé kí a fi nọ́ńbà bí ọmọ lórí ìwé, kí a bí wọn lọ́pọ̀lọpọ̀, kí a sì kà wọ́n. Àwọn onímọ̀ ń fi ọ̀nà yìí kan náà wá ìdí àwọn ọ̀ràn tí ó le ju tiwa yìí lọ fíìfíì, a ó sì dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán yín létí ohun tí AS jẹ́. Olúkúlùkù wa gba nǹkan méjì tí ó ń pinnu irú ẹ̀jẹ̀ yìí, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹni tí ó gba A lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì ni AA. Ẹni tí ó gba A lọ́dọ̀ ẹnì kan, tí ó gba S lọ́dọ̀ ẹnì kejì, òun ni AS. Ara rẹ̀ le, kò sì lè mọ̀ àfi bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹni tí ó gba S méjì ni SS, òun ni àìsàn tí à ń pè ní fòníkú-fọ̀ládìde máa ń bá fínra. Ní ọdún 1949 ni James Neel ní Amẹ́ríkà fi hàn gbangba pé bí a ti ń jogún rẹ̀ nìyẹn. Ní Nàìjíríà níbí, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni AS. Ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí àwọn baba wa pè ní àbíkú, àìsàn yìí ni ó ń pa wọ́n. Lónìí, àwọn SS tí ó ti ní ọmọ-ọmọ wà láàárín wa, nítorí náà kì í ṣe pé mo fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

Bàbá tí ó jẹ́ AS, A kan àti S kan ni ó ní. Èwo ni yóò fún ọmọ? Kò sí ẹni tí ó lè sọ tẹ́lẹ̀. Bí ẹni tí ó ju kọ́bọ̀ sókè ni ọ̀rọ̀ náà rí: bí ojú rẹ̀ bá wà lókè, A ni, bí ẹ̀yìn rẹ̀ ni, S ni. Ìyá náà a ju tirẹ̀. Bí kọ́bọ̀ méjèèjì bá fi ẹ̀yìn hàn, ọmọ SS ni. Kọ́bọ̀ kò sì ní ọpọlọ tí yóò fi rántí ohun tí ó ṣe lẹ́ẹ̀kan. Bí ó ti fi ẹ̀yìn hàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, nígbà tí a ó bá tún jù ú, ti tẹ́lẹ̀ kò sí lọ́kàn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni inú ìyá kò ka iye SS tí ó ti jáde.

Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ ti di ohun tí à ń wá nísàlẹ̀ àpótí àwọn ìyá àgbà. Owó ẹyọ ń kọ́? Èyíinì kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ rí rogodo, ẹnu rẹ̀ sì tẹ́. Kò sí ìdí tí yóò fi ṣubú sí ọ̀tún àti òsì ní ìdọ́gba. Ìwé kan ni a ó lò. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan tí ó ń jẹ́ RAND, ní Santa Monica ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1955. Bí ẹ bá ṣí ìwé yìí, ẹ kò ní rí ìtàn, ẹ kò ní rí àwòrán. Nọ́ńbà ni ó kún inú rẹ̀ bámúbámú, mílíọ̀nù kan nọ́ńbà, láti òdo dé ẹẹ́sàn-án, ní ojú ìwé 400, ìlà 50 ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà 50 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó níye lórí nínú rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó lè wo nọ́ńbà kan kí ó fi mọ èyí tí yóò tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ kí a máa pè wọ́n ní nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ iná mànàmáná ni wọ́n fi ṣe wọ́n, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n yẹ iṣẹ́ ẹ̀rọ náà wò, wọ́n rí i pé ó ń ṣe ojúsàájú díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní láti mú àwọn nọ́ńbà náà ní méjì méjì, kí wọ́n rò wọ́n pọ̀, kí wọ́n sì mú ẹyọ ìgbẹ̀yìn nìkan, kí ojúsàájú náà tó pòórá. Bí ó ti ṣòro tó nìyẹn láti rí ohun tí kò ní ìṣesí kankan.

Òfin wa nìyí. Nọ́ńbà tí a lè pín sí méjì láìṣẹ́kù, èyíinì ni 0, 2, 4, 6 àti 8, A ni. Èyí tí ó bá ṣẹ́ ọ̀kan kù, 1, 3, 5, 7 àti 9, S ni. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ti bàbá, èkejì ti ìyá. Nọ́ńbà méjì, ọmọ kan. Ọmọ mẹ́rin, ìdílé kan. Ẹ mú bírò.

Ìlà kìíní nínú ìwé náà bẹ̀rẹ̀ báyìí: 10, 09, 73, 25. Ẹ wo 10: bàbá mú S wá, ìyá mú A wá, ọmọ jẹ́ AS. 09: bàbá mú A, ìyá mú S, AS náà ni. 73: S àti S, ọmọ SS. 25: AS. Ìdílé kìíní ní SS kan nínú ọmọ mẹ́rin, bí àwọn ènìyàn ti ń rò ó gan-an. Ìdílé kejì: 33, 76, 52, 01. Àkọ́bí jẹ́ SS, àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ AS. Ìdílé kẹta: 35, 86, 34, 67, SS kan. Ìdílé kẹrin: 35, 48, 76, 80, SS kan. Ẹnì kan yóò ti máa mi orí níbi tí ó jókòó sí, pé ṣebí òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Kí ó ṣe sùúrù. Ìdílé karùn-ún: 95, 90, 91, 17. SS, AS, SS, SS! Mẹ́ta nínú mẹ́rin. Tọkọtaya yìí ni ì bá sọ lẹ́yìn àkọ́bí pé àwọn ti san gbèsè àwọn. Ìdílé kẹfà: 39, 29, 27, 49, SS kan. Nọ́ńbà méjì ni ó kù lórí ìlà náà, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìdílé mẹ́fà, kò sí èyí tí SS kò wọ̀. Bí a bá dìde níbí, a ó lọ máa wí fún ayé pé kò sí tọkọtaya AS tí ó lè bí ọmọ mẹ́rin láìní SS. Ẹ jẹ́ kí a ka ìlà kejì. 37, 54, 20, 48: ọ̀kan. 05, 64, 89, 47: kò sí rárá. 42, 96, 24, 80: kò sí. 52, 40, 37, 20: ọ̀kan. 63, 61, 04, 02: kò sí. 00, 82, 29, 16: kò sí. Nínú mẹ́fà, mẹ́rin bọ́ láìsí SS kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá jẹ́ pé ìlà yìí nìkan ni ó kà yóò sọ pé àwọn dókítà ń dẹ́rù ba ni lásán. Ẹ kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé irú tọkọtaya kan náà ni gbogbo wọn, AS àti AS, ìwé kan náà, ojú ìwé kan náà. Báyìí ni ó rí ládùúgbò wa pẹ̀lú. Ẹnì kan wo ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, ó sì fi ilé mẹ́ta ṣe òfin fún ayé.

Ìlà kẹta: 08, 42, 26, 89, kò sí. 53, 19, 64, 50, méjì. 93, 03, 23, 20, ọ̀kan. 90, 25, 60, 15, ọ̀kan. 95, 33, 47, 64, méjì. 35, 08, 03, 36, ọ̀kan.

A ti ní ìdílé 18 báyìí. Mẹ́tàlá nínú wọn ní ó kéré tán ọmọ SS kan. Márùn-ún kò ní rárá. Àwọn tí ó ní ẹyọ kan géérégé, tí ó bá ohun tí àwọn ènìyàn ń rò mu, mẹ́wàá péré ni. Bí a bá wá ka ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ 72 ni a bí, SS sì jẹ́ 17 nínú wọn. Ìdá kan nínú mẹ́rin lára 72 jẹ́ 18. Gbólóhùn nọ́ọ̀sì dúró ṣinṣin, ṣùgbọ́n orí ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó dúró lé, kì í ṣe inú ilé kọ̀ọ̀kan.

Ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nọ́ńbà náà tàn wá jẹ. Àwọn tí ó bá mọ ọ̀pẹ̀lẹ̀ lè ràn wá lọ́wọ́ níbí. N kì í ṣe babaláwo, iye rẹ̀ nìkan ni mo ń sọ. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ẹsẹ̀ méjì, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ mẹ́rin, ẹyọ kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dé. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí odù fi jẹ́ 256, kò lé, kò dín. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọ̀tún dúró fún bàbá, kí ẹsẹ̀ òsì dúró fún ìyá, kí ẹyọ méjì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀ sì jẹ́ ọmọ kan, títí ọmọ mẹ́rin yóò fi pé. Kí èyí tí ó ṣí jẹ́ A, kí èyí tí ó dé jẹ́ S. Gbogbo ọ̀nà tí ìdílé ọlọ́mọ mẹ́rin lè gbà rí wà nínú 256 yìí. Bí ẹ bá fi sùúrù kà wọ́n, ẹ ó rí i pé 81 ni kò ní ibi tí ẹyọ méjì ti dé papọ̀ rárá, 108 ni ó ní ibi kan, 54 ní méjì, 12 ní mẹ́ta, ẹyọ kan ṣoṣo sì ni gbogbo rẹ̀ dé, èyíinì ni Ọ̀yẹ̀kú Méjì. Nítorí náà, bí ìdílé AS àti AS bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún, tí olúkúlùkù bí ọmọ mẹ́rin, nǹkan bí 32 yóò bọ́ pátápátá, nǹkan bí 68 yóò ní ó kéré tán SS kan. Ìdílé orí ìwé tiwa fún wa ní 13 nínú 18, tí í ṣe 72 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò jìnnà. Ẹ sì kíyè sí i pé àwọn tí yóò ní ẹyọ kan ṣoṣo kò tó ìdajì: 42 nínú ọgọ́rùn-ún ni.

Ẹ ó bi mí pé, bí a bá lè kà á báyìí, kí ni a wá ń fi nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀ ṣe? Ìdí rẹ̀ ni pé 256 kéré. Ẹ wo káàdì tí àwọn ènìyàn ń ta. Ẹyọ 52 ni, ṣùgbọ́n iye ọ̀nà tí a lè gbà tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀, nọ́ńbà 68 ni yóò tò gbọọrọ lórí ìwé. Ta ni yóò ka èyíinì?

Ẹni tí ó pàdé ìṣòro yìí gan-an ni Stanislaw Ulam, onímọ̀ ìṣirò kan tí ó jẹ́ ọmọ Poland, tí ó ṣiṣẹ́ ní Los Alamos ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1946, àìsàn líle kan ti dá a dúró sílé, ó sì ń fi irú eré káàdì tí ènìyàn kan ṣoṣo máa ń dá ta pa ìrọ̀lẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ mọ bí ó ti ṣeé ṣe tó kí eré náà yọrí sí rere. Ó ṣírò títí, ó sú u. Ni ó bá rò ó pé kí ni ó dé tí òun kò kúkú ta á ní ìgbà ọgọ́rùn-ún kí òun sì ka iye ìgbà tí òun borí? Ìrònú tí ọmọ ilé-ìwé lè rò nìyẹn, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀ kò parí sórí káàdì. Ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ John von Neumann sọ ọ́. Ìṣòro tí ó wà níwájú wọn nígbà náà ni ti niútírọ́ọ̀nù, àwọn ohun tíntìntín inú átọ́ọ̀mù, tí ó lè kọlu nǹkan kí ó ta padà, tí ó lè wọlé kí ó má jáde mọ́, tí ó sì lè la átọ́ọ̀mù mìíràn kí àwọn mìíràn tú jáde láti inú rẹ̀. Ní gbogbo oríta bẹ́ẹ̀, wọ́n jẹ́ kí nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀ pinnu ọ̀nà tí yóò gbà, gẹ́gẹ́ bí a ti jẹ́ kí ó pinnu A àti S. Ní ọdún 1948, wọ́n fi ẹ̀rọ ìṣirò ńlá kan tí ó ń jẹ́ ENIAC ṣe iṣẹ́ náà; Klára, ìyàwó von Neumann, wà lára àwọn tí ó kọ àṣẹ tí ẹ̀rọ náà tẹ̀lé. Nicholas Metropolis ni ó sọ ọ̀nà náà ní Monte Carlo, orúkọ ìlú tí àwọn olówó ti ń ta tẹ́tẹ́ ní Monaco, nítorí pé Ulam ní ẹ̀gbọ́n bàbá kan tí kò lè ṣe kí ó má yáwó láti lọ ta tẹ́tẹ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ bọ́ǹbù ni wọ́n ń ṣe nígbà náà, èyí kò sì dùn mọ́ mi nínú. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn tí ń fi ìtànṣán wo àrùn jẹjẹrẹ ń lo ọ̀nà yìí kan náà lónìí láti mọ iye tí yóò kan ibi tí àrùn wà àti iye tí yóò kan ara tí ó le.

Ṣáájú ẹ̀rọ kankan ni ọkùnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ọtí Guinness ní Dublin, William Gosset, ti ṣe irú rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò fẹ́ kí orúkọ òṣìṣẹ́ wọn hàn lórí ìwé, nítorí náà ó pe ara rẹ̀ ní Student, èyíinì ni akẹ́kọ̀ọ́. Ó kọ ìwọ̀n ara àwọn ènìyàn 3,000 sórí káàdì 3,000, ó pò wọ́n dáadáa, ó sì pín wọn ní mẹ́rin mẹ́rin títí ó fi ní ìdìpọ̀ 750. Ó fẹ́ mọ bí ohun díẹ̀ tí ènìyàn rí ṣe lè tàn án jẹ tó. Ní ọdún 1908 ni ìwé rẹ̀ jáde, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń dán oògùn tàbí irúgbìn wò lónìí tí wọn kì í lo ohun tí ó bá níbẹ̀ pàdé.

Èélòó ni ó tó? Ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹ máa bi ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé irú iṣẹ́ yìí wá nìyẹn. Ìdílé 18 kò tó. Bí ó bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún, ìdáhùn lè fi nǹkan bí 9 lé sí 68 tàbí kí ó fi 9 dín. Bí ó bá jẹ́ 10,000, kò ní fi ju nǹkan bí ẹyọ kan lọ. Ẹ rí i pé a sọ iṣẹ́ di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún kí àṣìṣe tó di ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹni tí ó bá fẹ́ dín àṣìṣe kù sí ìdajì yóò ṣe iṣẹ́ ìlọ́po mẹ́rin. John Kerrich, onímọ̀ ìṣirò láti South Africa, bá ara rẹ̀ ní Denmark nígbà tí àwọn Jámánì gba ibẹ̀ ní ọdún 1940, wọ́n sì há a mọ́ àgọ́. Níbẹ̀ ni ó ti ju owó onírin kan sókè ní ìgbà 10,000, ojú rẹ̀ sì wà lókè ní ìgbà 5,067. Ẹ̀rọ kékeré tí ó wà nínú fóònù yín lè ṣe ìgbà mílíọ̀nù kan kí ẹ tó mu omi tán nínú ife.

Ìyára kọ́ ni ìṣòro mọ́, bí kò ṣe òdodo nọ́ńbà náà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1969, ìjọba Amẹ́ríkà fi ìbò mú àwọn ọ̀dọ́ tí yóò kọ́kọ́ lọ sí ogun Vietnam. Wọ́n kọ ọjọ́ 366 tí ó wà nínú ọdún sínú ìkòkò róbótó kéékèèké, ọjọ́ ìbí ẹni tí wọ́n bá sì kọ́kọ́ fà yọ ni yóò kọ́kọ́ lọ. Oṣù tẹ̀lé oṣù ni wọ́n dà wọ́n sínú àpótí, wọn kò sì pò wọ́n tó. Nígbà tí ó parí, ọjọ́ ìbí àwọn tí a bí ní ìparí ọdún ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ jáde. Ọmọkùnrin tí ìyá rẹ̀ bí ní oṣù Kejìlá ru ẹrù tí kì bá má rù bí ẹni tí ń po àpótí bá ní sùúrù. Nígbà tí wọ́n ṣe ti ọdún tí ó tẹ̀lé e, ìwé nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀ ni wọ́n lò láti tò ó.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ilé ìwòsàn, níbi tí ọ̀nà yìí ti wúlò ju orí tábìlì mi lọ. Ẹni tí ń ṣe àkóso ibi tí wọ́n ń pa ẹ̀jẹ̀ mọ́ ní ìlú kan fẹ́ mọ iye àpò ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó wà nílẹ̀ kí ọmọ SS kan má baà dé lóru kí wọ́n sọ fún ìyá rẹ̀ pé kò sí. Bí ó bá kó díẹ̀ pamọ́, ọmọ yóò jìyà. Bí ó bá kó púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò bàjẹ́, nítorí pé nǹkan bí ọjọ́ 35 ni àpò ẹ̀jẹ̀ máa ń lò nínú oògùn tí ó wọ́pọ̀ tí a fi ń pa á mọ́. Àwọn aláìsàn kì í sì í wá létòlétò: lónìí kò sí ẹnì kan, lọ́la mẹ́rin á dé lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ olúkúlùkù kò bára mu, àwọn tí ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ náà sì ń wá bí ó bá ti wù wọ́n. Kò sí ìṣirò kan ṣoṣo tí yóò kó gbogbo èyí pọ̀. Ṣùgbọ́n a lè mú nọ́ńbà kan kí ó sọ iye aláìsàn tí ó dé lónìí, nọ́ńbà mìíràn kí ó sọ irú ẹ̀jẹ̀ wọn, òmíràn kí ó sọ iye àwọn tí ó wá tọrẹ. Kí a yọ àpò tí ó bàjẹ́ kúrò. Kí a sì lọ sí ọ̀la. Ọjọ́ 365 báyìí, ọdún kan nìyẹn. Kí a ṣe irú ọdún bẹ́ẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún, kí a ka iye ìgbà tí àpò tán pátápátá, kí a tún un ṣe bí ẹni pé a kó àpò mẹ́wàá sí i. Gbogbo àṣìṣe tí a bá ṣe, orí ìwé ni a ti ṣe é. Kò sí ọmọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Nọ́ńbà kì í sì í dáhùn ju ohun tí a bá bi í lọ. Ìṣirò wa láti ìrọ̀lẹ́ dúró lórí pé bàbá jẹ́ AS, ìyá jẹ́ AS. Àwa Yorùbá ní èyí tí ó ń jẹ́ C pẹ̀lú, ó sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn ní Nàìjíríà lọ. Bí ẹnì kan bá jẹ́ AS, tí ẹnì kejì jẹ́ AC, wọn kò lè bí SS, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ lè jẹ́ SC, èyíinì náà sì jẹ́ àìsàn. Ẹni tí ó bá ń wá SS nìkan nínú ìwé rẹ̀ yóò sọ fún wọn pé kò séwu. Ìwé àyẹ̀wò ńkọ́? Mo mọ tọkọtaya kan tí ìwé wọn sọ AA àti AS, tí wọ́n fi ìdùnnú ṣe ìgbéyàwó, tí ọmọ wọn kejì sì jẹ́ SS. Ibi tí wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ọkọ wò ni ó ti kà á sí òdì. Kọ́bọ̀ tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé kì í ṣe ti wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fẹ́ra yín sọ́nà, ẹ ṣe àyẹ̀wò náà ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Mo rí i pé àkókò ń lọ. Fún àwọn tí ó fẹ́ dán an wò nílé, ìlà kẹrin nínú ìwé náà nìyí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: 99019, 02529, 09376, 70715, 38311, 31165, 88676, 74397, 04436, 27659. Ẹ pín in ní méjì méjì láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ka ìdílé mẹ́fà. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí olúkúlùkù nínú ilé kọ iye tí ó rò pé yóò ní SS sílẹ̀, kí ẹ wá fi wé èyí tí ẹ bá rí. Ó dàárọ̀ o.